Ọgbà Tí Télọ̀ Kàn Fún Ewúrẹ́ Mi

Ọkọ mi ti ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé. Nígbà tí onílé wa búra pé bí ewúrẹ́ mi méjèèjì bá tún wọ oko ẹ̀fọ́ Tíṣà, ará ilé kejì, ọ̀dọ̀ alápatà ló kàn, mo ní ká pe káfíńtà kó wá kan ọgbà fún wọn. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín.

"Káfíńtà kẹ̀? Nígbà tí mi ò tíì kú?"

Ewúrẹ́ kúkúrú ni wọ́n, wọn ò ga ju itan mi lọ, ṣùgbọ́n wàrà wọn ni àwọn ìbejì mi ń mu láràárọ̀. Ọ̀gá télọ̀ fa téèpù yọ, ó wọn ewúrẹ́ láti orí dé pátákò, ó ní ìlọ́po méjì rẹ̀ lòun á kàn, "kí wọ́n má baà dàgbà jù ú lọ." Ewúrẹ́ tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta!

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kàn án. Láti ojú pópó, pákó náà dán, ó tò bí eyín ọmọge. Ṣùgbọ́n gbogbo igi ìdábùú tó di pákó mú, inú lọ́dọ̀ ewúrẹ́ ló kàn wọ́n sí.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé tí ìdábùú fi wà nínú?"

"Ìwọ náà! Ta ní í gbé ojú rírán síta fún aráyé wò?"

Onílé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi fọwọ́ gbá pákó. "Ẹ wò ó, sà. Kìnnìún gan-an ò lè jáde níbí."

Òótọ́ ni. Kìnnìún kankan ò jáde. Ewúrẹ́ àgbà ló wò wá lójú, ó gbẹ́sẹ̀ lé ìdábùú kìn-ín-ní, ó gbé e lé ìkejì, ó gun òkè wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé ọkọ rẹ̀. Ó bẹ́. Ìkejì tẹ̀ lé e. Ó di inú oko Tíṣà.

"Ó parí! Alápatà lọ́la!" Onílé ká ṣòkòtò, ó sáré wọ oko tọ̀ wọ́n lọ. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ ebè tòmátì fọ́ pẹrẹsẹ, ó wá ṣubú gbàgà sórí ìyókù. Èmi kàn mi àgbàdo nínú ike ni, àwọn méjèèjì sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi láì já ewé kan.

Tíṣà jáde. Ó wo ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ẹni tó nà gbalaja láàárín tòmátì.

"Ìyá Ìbejì, ṣé tiyín nìyí?"

"Rárá o, sà. Tèmi ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Onílé wa nìyẹn."

"Ẹ̀hẹ́n. Onílé, ẹ rán mi létí: ẹni tó bá wọ oko mi, ọ̀dọ̀ ta lẹ ní ẹ ó mú un lọ?"

Onílé gbọn yẹ̀pẹ̀ lára. "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é. Ewúrẹ́ ò jẹ nǹkan kan, àbí? Kí Télọ̀ yí ìdábùú yẹn síta kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti tán."

Ọkọ mi ní ojú òun ò lè gba kí ojú rírán wà níta. Mo ní kó dijú. Ó dijú lóòótọ́, ó fa pákó, pákó yọ, òun àti pákó dọ̀bálẹ̀ fún ara wọn. Mi ò rẹ́rìn-ín o. Wàrà ni mò ń fún lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kó dànù.