Wáyà Ara Ògiri Janelle Krogh

Nígbà tí ọ̀gá tuntun pinnu láti yọ ìròyìn àdúgbò kúrò nínú ìwé ìròyìn ilé-ìwé ìlú Halvik, kò sẹ́ni tó bá a jà. Àwọn ará Halvik kì í bá ènìyàn jà lójúkojú. Wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì lọ sílé lọ ronú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Odella Rustad ti ń kọ ojú ewé ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí ìròyìn àdúgbò ń wà. Ẹni tí màlúù rẹ̀ bí ìbejì, ẹni tí àbúrò rẹ̀ wá láti ìlú Fargo wá bá a jẹun ọjọ́ Àìkú, Odella ni wọ́n ń fi fóònù sọ ọ́ fún láàárọ̀. Láti oṣù kẹta tí Palmer ọkọ rẹ̀ ti kú, ohùn inú fóònù yẹn nìkan ni ohùn ènìyàn tó ń wọ ilé náà kí oòrùn tó ga. Bí ojú ewé ẹ̀yìn bá lọ, ta ni yóò tún pè é, kí ni yóò sì máa pè é fún?

Grant Ehlers, ọ̀gá tuntun náà, kì í ṣe ènìyàn búburú. Àpọ́n ni, ó ń súnmọ́ ogójì ọdún. Ó ṣàlàyé fún Odella ní ọ́fíìsì rẹ̀ pé òtútù ti ń bọ̀, pé ọmọ lè dì síbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ka òfin ìgbà òtútù tí òun ń kọ sí ojú ewé iwájú. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń ṣí lọ tààrà, láti wo ta ló lọ jẹun nílé ta. Nítorí náà, láti oṣù kejìlá, ìmúrasílẹ̀ ìgbà òtútù nìkan ni ìwé náà yóò máa gbé, níwájú àti lẹ́yìn.

“Ìmúrasílẹ̀ ti ta ni?” Odella béèrè.

“Ti gbogbo ará agbègbè ilé-ìwé wa, Ìyáàfin Rustad.”

“Ó dára,” ni ó wí. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ sílé lọ ronú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni òtútù náà dé ní tòótọ́, irú èyí tí itọ́ ń dì kó tó kanlẹ̀. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí a kò bá fi wáyà so mọ́ iná mànàmáná mọ́jú, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má bàa dì, kì í jí. Gbogbo ọkọ̀ Halvik ni orí wáyà rẹ̀ ń yọ jáde níwájú bí ahọ́n ajá. Ẹni tó wá mu kọfí kì í so ọkọ̀ rẹ̀, kọfí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá so ó, ó sùn síbẹ̀ ni. Ọmọ Halvik mọ èyí kó tó mọ̀wé kà.

Nítorí náà, láàárọ̀ Ẹtì, nígbà tí Odella ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tó rí wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń rọ̀ dirodiro lára ògiri ilé Janelle Krogh, olùkọ́ orin, tí kò sì sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó di dandan kó dúró sinmi. Ibi tó dúró sí sì súnmọ́ wáyà náà díẹ̀.

Òfin àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Ehlers ṣe ni pé kí oníkálukú kọ orúkọ sí ohunkóhun tó bá mú jáde nígbà òtútù. Ọkùnrin náà ń pa òfin ara rẹ̀ mọ́. G. EHLERS ló wà lára téèpù funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wáyà náà, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà.

Orúnkún náà sàn.

Nílé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ “Ìmúrasílẹ̀ Ìgbà Òtútù” sókè ìwé, ó wá bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ kọ orúkọ sí bàtà yìnyín àwọn ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, bàtà mẹ́ta kúrò nílé Mork, wọ́n dé ilé Dahl, wọn kò tíì padà. Àwọn Dahl mọ̀.

“Ẹ tọ́jú kúbùsù, àbẹ́là àti ṣokoléètì sínú ọkọ̀, bí yìnyín bá dá yín dúró lọ́nà. Verlyn Aasen ti tọ́jú tirẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Ó ti jẹ ṣokoléètì náà tán. Kúbùsù ṣì wà.

“Bí ẹ bá so ọkọ̀ mọ́ iná nílé ẹni ẹlẹ́ni, ẹ rántí ká wáyà yín. Aláwọ̀ ọsàn kan wà lára ògiri Olùkọ́ Krogh láàárọ̀ Ẹtì. Ẹni tó ni ín mọ ọ̀nà ibẹ̀.”

Ó ti kọ orúkọ sí i tẹ́lẹ̀, ó wá pa á rẹ́. Kì í ṣe àánú nìkan. Ìròyìn tó lórúkọ, ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èyí tí kò lórúkọ lè gbé wọn dé Kérésìmesì.

Ehlers rí àkọlé náà, inú rẹ̀ dùn, kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé ni ìwé náà jáde. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti jókòó ní ilé ìdáná Odella, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Kó tó la ẹnu, fóònù dún. Verlyn Aasen ni. Ó ní àwọ̀ ewé ni wáyà tòun, ìyàwó òun sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Odella. Odella sọ ọ́. Fóònù tún dún. Harlan Mork ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ló ni wáyà náà, kí Odella jọ̀ọ́ má sẹ́ ẹ.

“Èèyàn mélòó ló ti pè?” Ehlers béèrè.

“Láàárọ̀ yìí? Mọ́kànlá. Mẹ́wàá ní àwọn kọ́. Ẹnì kan ń tọrọ rẹ̀.”

“Ẹ sì rí orúkọ tó wà lára ẹ̀.”

“Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.”

“Ìyáàfin Rustad.”

“Lẹ́tà yẹn tóbi jù, ọmọ mi. Afọ́jú á kà á.”

Etí Ehlers pọ́n. Ó wá ròyìn, bí ẹni tó ń sọ nípa ìjàm̀bá ọkọ̀, pé láàárọ̀ yẹn kò sí bàtà kan tí kò lórúkọ ní ilé-ìwé, pé ọmọ Dahl tó kéré jù kọ tirẹ̀ síwájú orí. Oṣù kan gbáko ni òun ti fi ń bẹ̀ wọ́n.

Odella bu kọfí fún un. Ó sọ fún un pé dúdú ni wáyà Palmer, nígbà tó ń fẹ́ òun. Bàbá òun ló ká a lára ògiri, tó gbé e wọlé láàárọ̀, tó fi sínú àwo òun níbi oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú fèrèsé díẹ̀. Ehlers ń ro kọfí tí kò fi ṣúgà sí.

“Janelle ló rán mi wá,” ó wí nígbà tó yá. “Ó ní ó ti sú òun, àwọn ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wọn jẹ́jẹ́ kọjá níwájú ilé. Ó ní kí ẹ kọ orúkọ náà.”

“Síbo? Òtútù ni gbogbo ìwé.”

Ó yí fìlà rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. “Sí ojú ewé ẹ̀yìn. Ẹ máa mú ẹ̀yìn yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bójú tó àwọn bàtà níwájú.”

“Kí n wá kọ pé ẹ ṣe kí ni níbẹ̀?”

“Ẹ kọ pé mo mu kọfí.”

“Kọfí yẹn pẹ́ o.”

Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Odella kò gbé e. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó fa ìwé súnmọ́ ara, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ Ehlers, bí ẹni tí kò rí i ní kíkọ sílẹ̀ rí. Ọkùnrin náà ń pè é fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, fóònù ń dún, obìnrin náà sì ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú rárá.