Igi Tí Wọ́n Bó Lọ́jọ́ Jímọ̀

Igi máńgòrò tí Àbdùlbàkí bó kò kú lọ́jọ́ tó bó o. Ó ṣì gbé ewé tútù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí ẹni tí ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, nínú ọgbà Ṣàkírù ọ̀gá rẹ̀, ní Àbíjàn, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Bingerville. Àwọn ọkùnrin tó ń ta òdòdó àti ọmọ igi lójú ọ̀nà náà ti gbéra lọ sí mọ́ṣáláṣí. Didier nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, òṣìṣẹ́ Ṣàkírù, ọmọ onílẹ̀ tí kì í ṣe mùsùlùmí, òun náà sì ti jáde lọ ra atíékè tí yóò jẹ. Àbdùlbàkí gba ẹ̀yìn ògiri wọlé. Ó kúnlẹ̀ sídìí ìyá igi náà, ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, ó sì bó èèpo rẹ̀ yíká, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, títí igi funfun fi hàn. Igi tí wọ́n bá bó báyẹn, oúnjẹ kò ní rí ọ̀nà dé gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò kú. Ṣàkírù fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ohun tó bí i nínú nìyí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ṣàkírù máa ń gé ọmọ ẹ̀ka lára ìyá igi yẹn, á dì wọ́n sínú aṣọ tútù ní ìdì-ìdì, á fi ṣe sàráà fún àwọn ọlọ́gbà tó kù, kí wọ́n lè rí ẹ̀ka dáadáa so mọ́ ọmọ igi tiwọn. Nígbà tí Àbdùlbàkí ń kọ́ṣẹ́, òun ló ń gbé ìdì náà kiri. Lọ́dún tó gba òmìnira, tó ṣí ọgbà tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀, ó jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń retí ẹni tí yóò gbé tirẹ̀ wá. Wọ́n gbé ti èèyàn márùn-ún kọjá níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú ọ̀bẹ.

Ṣàkírù ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá oje tútù lára igi. Ó fi amọ̀ àti àkísà dì í, kò gbà. Wọ́n bi gbogbo ojú ọ̀nà léèrè. Àbdùlbàkí ní gbogbo àwọn làwọn wà ní mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n ṣe kó ẹrù Didier jù síta nìyẹn. Láti ìgbà náà ni Àbdùlbàkí kò ti kí ọ̀gá rẹ̀ mọ́, tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé igi tirẹ̀ ni wọ́n pa.

*

"Bàbá Irfan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì ti rọ."

Mọ́síùrá, ìyàwó Àbdùlbàkí, ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè. Ó dúró láàárín àwọn máńgòrò, ó ń fi ìka gbé ewé sókè, ewé náà sì ń padà ṣubú.

Ìparí oṣù kejì ni. Oòrùn Àbíjàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí katakata tó ń ṣe ọ̀nà ti fọ́ páìpù, tí ẹ̀rọ omi kò fi mú ẹ̀kán kan wá. Àbdùlbàkí ní bí ọ̀ọ́dúnrún máńgòrò gírẹ́fẹ́ nínú ọ̀rá dúdú, èyí tó so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ojú ibi tó ti so wọ́n kò tíì jinná. Tí òǹgbẹ bá gbẹ ọmọ igi nírú àkókò yìí, ẹ̀ka á gbẹ kúrò lórí ìdí, iṣẹ́ á sì di òfo. Òjò ọdún tó kọjá ti gbé ìdajì ọjà rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Ìwọ̀nyí ló kù. Ìgbà òjò nìkan làwọn èèyàn ń ra igi láti gbìn, ẹni tí kò bá sì ní nǹkan kan nílẹ̀ nígbà tí òjò bá dé, kó máa wo ọ̀nà ilé ní Ìgbòho. Madame Rokia, obìnrin tó ní ilẹ̀ ní Bingerville, ti ní òun yóò kó gbogbo wọn lọ ní òjò àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń ra òkú igi.

Ó ti ṣe àṣìṣe kan tẹ́lẹ̀. Nígbà òjò, omi ọ̀sà kì í ní iyọ̀, gbogbo ọlọ́gbà ló ń bù ú. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, òkun á gba ẹnu Vridi, ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, wọlé, iyọ̀ á sì dé inú rẹ̀. Àbdùlbàkí mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó tọ́ omi náà wò, ó sọ fún ara rẹ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì bù ú rin ìlà méjì. Ní ọjọ́ kejì, etí ewé ọgọ́ta máńgòrò ti jó bí ìwé tí iná rà.

"Kànga Bàbá Mubeenah kò gbẹ," ni Mọ́síùrá wí. Bàbá Mubeenah ni òun ń pe Ṣàkírù.

"Mo gbọ́."

"Ẹ ti gbọ́ láti àná. Ṣé etí yín ni omi yóò ti jáde ni?"

 Mọ́síùrá gbé ewé náà sílẹ̀.

"Nítorí ẹ̀ka igi. Ọmọ tó wà nínú mi lọ́dún yẹn ti ń fá irùngbọ̀n, Bàbá Irfan. Ẹ ò tíì dárí ji ẹ̀ka."

Ẹ̀ka nìkan ni obìnrin náà mọ̀. Kò mọ̀ nípa ọ̀bẹ.

Lẹ́nu ìgbà yẹn ni pusipúsì Didier, kẹ̀kẹ́ tó fi ń fa ẹrù, wọlé, ogún bìdọ́ọ̀nù omi òfìfo ń lu ara wọn lórí rẹ̀. Omi ló ń fà tà látìgbà tí wọ́n ti lé e. Gbogbo àwọn afapusi tó kù ti ní àwọn ò lè gbé omi fún òdòdó nígbà tí ọmọ èèyàn ń pòǹgbẹ. Didier nìkan ló gbà, ó ní nínú gbogbo ọlọ́gbà ojú ọ̀nà yìí, Àbdùlbàkí nìkan ni kò pe òun ní apagi-onígi rí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Àbdùlbàkí sùn dáadáa lóru ọjọ́ tó sọ ọ́.

Didier ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tí òun ti ń rí omi ní ìsàlẹ̀ náà ti gbẹ láàárọ̀ yẹn, àwọn obìnrin sì ń ja ìjà bìdọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ó nu ojú. Yorùbá tó kọ́ nínú ọgbà Ṣàkírù kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Patron, kànga le vieux, bàbá àgbà yẹn, nìkan ló kù. Ẹ lọ bá a. Tó bá gbà, mo máa fà á di alẹ́, gbogbo igi yín á mu. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀nà fún mi kí n tó wọlé o. Ẹ ṣáà mọ irú ojú tó fi ń wò mí."

Àbdùlbàkí wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gbé garawa omi tó kún. Òun àti Mọ́síùrá, tí wọ́n bá fi ọwọ́ gbé e títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bóyá wọ́n á lè gba ọgbọ̀n là. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó jáde.

*

Ṣàkírù jókòó lábẹ́ tapólì, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àbdùlbàkí na ara rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ta á débi tí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o. Àbdùlbàkí ni."

Bàbá náà kò kọ́kọ́ wò ó. Ó fi ìka tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Àbdùlbàkí wo? Mo mọ ọ̀kan tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri mi níbí. Ṣùgbọ́n ìyẹn, odi ni."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú."

"Dìde, dìde. Ẹ̀yìn rẹ kò dára, mo gbọ́. Ohun gbogbo ni mò ń gbọ́ lórí ògiri yìí. Mo gbọ́ ìgbà tí ìyàwó rẹ bí ìbejì. Mo gbọ́ ìgbà tí wọ́n sin ọ̀kan. Mo dúró níbí, mo ṣe àdúà fún un láti ibí, nítorí n kò mọ̀ bóyá o ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi."

Àbdùlbàkí sọ ohun tó bá wá. Ó ka ọjọ́ tí omi ti lọ, ó sọ ti máńgòrò, ó sọ ti omi ọ̀sà pẹ̀lú. Nígbà tó dé orí omi ọ̀sà, Ṣàkírù mi orí, ó ní òun kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kó lọ gbé omi, omi kì í ṣe ti òun, Ọlọ́run ló fi síbẹ̀.

Àbdùlbàkí ti ń yí padà nígbà tí bàbá náà pè é.

"Bàkí. Kí ni mo ṣe fún ọ gan-an? Mi ò ní í pẹ́ mọ́. Jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n."

 Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu Àbdùlbàkí nígbà tó jáde.

"Ẹ̀ka. Ẹ gbé ìdì fún gbogbo èèyàn, ẹ fò mí."

Ṣàkírù fi ọ̀rá sílẹ̀.

"Mo fò ọ́? Àwọn àgbà là ń gbé e lọ bá. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá gbà á lọ́dún àkọ́kọ́, kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbé ọwọ́ lé e lórí. Bí ọ̀gá tèmi ṣe ṣe é fún mi ní Ṣakí nìyẹn. Tìrẹ wà ní ìdí ìkòkò omi níbẹ̀ yẹn. Mò ń wọ́n omi sí aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ní, Bàkí á wá. O ò wá. Ó gbẹ síbẹ̀."

 Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àbdùlbàkí ti fi ẹ̀sùn yẹn ṣe ìrọ̀rí. 

Mọ́síùrá ti gbọ́ lórí ògiri pé wọ́n ti gbà, ó sì ti sọ fún Didier. Pusipúsì dé ẹnu ọ̀nà. Didier kí bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí Ṣàkírù ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbá àga mú, ó dìde.

"Kí ló wá ṣe níbí?"

"Òun ni yóò bá mi fa omi, ọ̀gá. Ẹ̀yìn mi—"

"Bàkí, gbé omi tó bá wù ọ́. Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ gbé e di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ìyá igi mi kò ní fọwọ́ kan okùn kànga mi, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì ní ru omi mi."

"Ọ̀gá, ó ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́? Ìwọ tó di ẹ̀ka sínú fún ọdún mẹ́tàdínlógún ló ń sọ fún mi pé ó ti pẹ́?"

Àbdùlbàkí bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ni yóò fa okùn, Mọ́síùrá ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà, Didier yóò dúró síta pátápátá. Bàbá náà ń mi orí. Ó ní kó lọ wá afapusi mìíràn. Kò sí òmíràn, àwọn méjèèjì ló mọ̀.

Didier ti ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ti oòrùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀, patron. Ó ti mọ́ mi lára. Ìyá mi, nígbà tó ń kú lọ, ohun tó ń bi mí ni pé kí ló dé tí mo fi pa igi onígi."

Oòrùn ti dé àtàrí. Lórí ògiri, Àbdùlbàkí rí orí Mọ́síùrá, ó gbé garawa dání, ó ń wo òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni máńgòrò wà, gbogbo ewé wọn ti kọ ojú sílẹ̀. Tí Didier bá fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ lọ, àwọn igi náà kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Tí òun bá sì la ẹnu, bàbá yìí lè gba okùn lọ́wọ́ òun náà, ọgbọ̀n tí òun lè fi ọwọ́ gbà là yóò bá ìyókù lọ. Ó ro ó síhìn-ín, ó ro ó sọ́hùn-ún. Kò rí ọ̀nà kankan tí òun kò ti ní pàdánù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí Didier kò ti ní pàdánù.

"Didier, dúró."

Kẹ̀kẹ́ dúró.

"Ọ̀gá," ni Àbdùlbàkí wí, "òun kọ́ ló pa igi yín."

"Ta wá ni?"

Àbdùlbàkí tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún un, ó di òpó tapólì mú. Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju mímí lọ. Ṣàkírù wò ó, ojú bàbá náà sì yí padà. Ó ti gbọ́. Ó tún jókòó sórí àga, ó rọra jókòó bí ẹni tí ilẹ̀ kò dá lójú.

"Má sọ ọ́ fún èmi," ni ó wí. "Sọ ọ́ kí òun gbọ́."

Àbdùlbàkí kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ohùn náà sì dé ọ̀dọ̀ Mọ́síùrá lẹ́yìn ògiri.

"Èmi ni mo bó igi ọ̀gá, Didier. Èmi ni. Mo sì wò wọ́n títí wọ́n fi lé ọ."