Àwo Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Láti Inú

Ẹ̀rín yẹn tún sọdá títì wá, irin wínníwínní tí atúnagogoṣe fi ẹ̀mú mú sì já bọ́. Ó wá a lábẹ́ tábìlì títí, kò rí i. Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n ti ń rín in ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì. Lánàá, lọ́wọ́ ọ̀sán, ohùn obìnrin kan tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, ohùn tó gòkè tán tó wá ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò mọ ẹni tó ni ín.

"Ọ̀lẹ ni gbogbo wọn," ló wí fún aago tó ń tún ṣe.

Ogún ọdún ni òun àti onígbàjámọ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Òòyà, ti ń kó àwo orin àtijọ́ jọ. Kì í ṣe orin tí èèyàn ń jó sí o. Èyí tó bá ṣe wèrè jù ni wọ́n ń wá: àwo tí ilé iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ṣe láti fi kọ́ ayékòótọ́ ní ìkíni, àwo tí akọ̀wé méjìlá ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọrin, àwo tí dókítà eyín kan fi ń dárò eyín tó yọ. Irínwó lé méjìlá ni atúnagogoṣe ní. Gbogbo wọn ló wọ àpò bébà, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n nílé rẹ̀. Ti Òòyà ò ju ọgọ́ta lọ, ẹ̀yìn jígí ló kó wọn há sí pẹ̀lú irun orí oníbàárà. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n máa ń ṣe pàṣípààrọ̀, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní: àwo tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni ti kúrò nìyẹn, a kì í béèrè rẹ̀ padà. Atúnagogoṣe ló ṣe òfin náà, lọ́jọ́ tó rí àwo ayékòótọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló fún Òòyà ní àwo dúdú kan tí bébà àárín rẹ̀ ti ya kúrò. Ó ti gbé e sórí giramafóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé abẹ́rẹ́ lé etí rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ṣíì nìkan ló ń ṣe, abẹ́rẹ́ á sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ní àwo náà ti kú. "Gbà, máa fi gbé agolo pọ́dà rẹ," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òòyà dúpẹ́, ó gbé agolo pọ́dà lé e.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni Òòyà, ẹni tí kò fi pẹ̀lẹ́ gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀ rí láyé rẹ̀, ní kí òun dán an wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ bẹ́ńṣì, abẹ́rẹ́ sì já lu ẹ̀gbẹ́ ihò àárín. Àṣé inú ni àwo náà ti ń bẹ̀rẹ̀, tó ń rìn bọ̀ wá síta! Bí àwọn oníbàárà ṣe ròyìn rẹ̀ fún atúnagogoṣe, ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń kọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lórin. Ọkùnrin náà á kọrin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á ké. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó sunkún. Níkẹyìn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ orin náà láìsí àṣìṣe kan, ọkùnrin náà ló wá ń ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni atúnagogoṣe ti ń wá àwo yìí kiri. Odindi oṣù mọ́kànlá ló sì fi wà lábẹ́ ibùsùn òun fúnra rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin òní, àwọn onírédíò ń bọ̀ wá gba ohùn àwo náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Òòyà. Kò sí onírédíò tó béèrè irínwó lé méjìlá ti atúnagogoṣe rí. Ká sọ ojú abẹ níkòó, ó ń jowú. Ó ń jowú débi tí itọ́ ẹnu rẹ̀ fi korò. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó fi ń ṣí ẹ̀yìn aago, ó jù ú sápò àyà, ó sì sọdá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ lọ wo àwo náà ni.

"Aago! Wọlé, wọlé!" Òòyà nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gbá irun nílẹ̀. "Kí ló dé tí ojú rẹ le bíi ti ẹni tí bàtà ń fún? Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń retí rẹ."

"Mo wá wò ó ni."

"Òun ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí n sáré lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kí àwọn onírédíò tó dé."

"Ta ló máa rí ṣẹ́ẹ̀tì lórí rédíò?"

"Èmi á rí i," ni Òòyà wí, ó sì ti jáde.

Àmì agolo pọ́dà ṣì wà lára àwo náà. Atúnagogoṣe yọ irin rẹ̀. Ìlà kan péré, láti àárín dé etí, ti tó. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ Òòyà ló bà á jẹ́. Ta ni kò mọ bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe rí? Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ni, ìkà pàápàá, ó fẹ́ kó mọ́. Ó fi awò tó fi ń wo inú aago sójú kan, ó tẹ̀ ba.

Ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín: ọfà kékeré kan, àti ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó kọ sára àwo. *Bẹ̀rẹ̀ níbí.* Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Òun tó ń rí eruku nínú aago ọrùn ọwọ́ àwọn obìnrin, òun ni kò rí èyí, nítorí kò wò ó. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìtìjú mú un, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Owú náà kò lọ o. Ó kàn jókòó ti ìtìjú ni.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Bàbá Òòyà, ẹ tètè lu àwo yẹn fún mi o, kí baálé mi tó mọ̀ pé mo ti gbé oúnjẹ wá..."

Ìyàwó atúnagogoṣe ni. Wọ́n wo ara wọn. Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo irin náà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti rí i. Ó wo irin, ó wo àwo.

"Ẹ̀yin náà wá gbọ́ ọ?" ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ lù ú nígbà náà."

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó gbé abẹ́rẹ́ lé ibi tí ọfà wà. Ọkùnrin inú àwo bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà dé ibi tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹkún, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gòkè, ó sì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Òun ló ni ẹ̀rín àná. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbélé, kò sì dá ẹ̀rín rẹ̀ mọ̀ láti òdìkejì títì. Ó ń wò ó bó ṣe di ara ògiri mú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí eyín rẹ̀ tó fi díẹ̀ wọ́ lápá òsì hàn síta. Ó ti gbàgbé eyín náà.

"Irínwó lé méjìlá ló wà nílé," ló wí nígbà tí obìnrin náà mí tán. "Kí ló dé tí o kì í rín báyìí?"

"Nílé?" Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣebí ẹ ní ká má mí sí wọn lára."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bó ṣe máa ń sọ fún un pé iyọ̀ wà lórí pẹpẹ ló ṣe sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ ti dé etí àwo, ó ti ń ṣe ṣíì, ohùn kan ṣoṣo tí òun rí gbọ́ lára rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Irin inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti gbóná. Ó ṣì ń jowú, ṣùgbọ́n kò dá a lójú mọ́ bóyá Òòyà ni òun ń jowú àbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Ṣé kí n tún un lù?" ló béèrè.

"Ẹ tún un lù."

Ó fi irin sápò. Ó yọ awò kúrò lójú, ó tẹ̀ ba, ó sì ń wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.