Oṣù Kẹsàn-án Tó Ṣófo

Gbádérọ̀ ọmọ Ṣakí mọ ẹja ju bó ti mọ èèyàn lọ. Ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè kejì ní yunifásítì ní Ìbàdàn, epìyà inú adágún Ẹlẹ́yẹlé ló sì gbájú mọ́. Bí o bá fi ìpẹ́ epìyà kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́, á gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, á ka àwọn ìlà róbótó tó wà lára rẹ̀, á sì sọ iye ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹja náà ti rí láyé. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó dìde níwájú èèyàn mẹ́wàá kó sọ ohun kan náà, á tẹrí ba, á máa ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà ìkọ̀kọ̀.

Moróunkẹ́ ló jókòó sí tábìlì tó kángun sí tirẹ̀ nínú lábù. Olùkọ́ àgbà ni bàbá rẹ̀, ilé wọn wà ní Bódìjà láàárín àwọn ilé tuntun tí ìjọba kọ́, láti kékeré ni wọ́n sì ti máa ń ní kó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kó ka Bíbélì fún ìjọ. Òun ń wádìí ìgbín inú odò, èyí tó ń kó àtọ̀sí ajá ran àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n ọn. Ohun tó wọ́n ọn ni sùúrù láti dúró nínú ẹrẹ̀ títí ohun tó ń wá á fi jáde, Gbádérọ̀ sì ní ìyẹn lọ́pọ̀ yanturu.

Ní ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá wọn, Dókítà Akínbíyìí, máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Nígbà tó kan Gbádérọ̀, ó ka ìwé rẹ̀ tán, àlejò kan sì bi í pé báwo ló ṣe dá a lójú pé ìlà kan lára ìpẹ́ dúró fún ẹ̀ẹ̀rùn kan. Gbádérọ̀ mọ èsì náà. Oṣù mẹ́fà ló fi wá a. Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó. Dókítà Akínbíyìí pe ẹlòmíì.

Ẹ̀yìn lábù ni Moróunkẹ́ ti bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fọ àwọ̀n.

"Àwọ̀n yẹn ti mọ́," ni Moróunkẹ́ wí.

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò dá ọkùnrin yẹn lóhùn?"

"Gbogbo wọn ló ń wò mí." Ó yí àwọ̀n náà sí òdìkejì, ó tún ń fọ̀ ọ́. "Bóyá kí n kúkú padà sí Ṣakí kí n lọ máa ṣe tíṣà."

"Tíṣà náà kì í ṣe odi," ni Moróunkẹ́ fèsì. "Wá sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ìsàlẹ̀ lọ́la ní aago mẹ́rin. Má mú ìwé kankan dání."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, bí àwọn yòókù bá ti lọ tán, Gbádérọ̀ á dúró síwájú, Moróunkẹ́ á jókòó sẹ́yìn pátápátá. Níbẹ̀rẹ̀, ojú fèrèsé ni Gbádérọ̀ máa ń kọ sí. Moróunkẹ́ ní kó máa wo àwọn àga, nítorí àga kì í bínú. Ó kọ́ ọ kó fi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù síwájú, kó má fi í pamọ́ títí aago á fi lù. Ó kọ́ ọ pé bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, kó sọ pé òun kò mọ̀, kó wá sọ ọ̀nà tí òun á gbà wá a. Èyí ló ya Gbádérọ̀ lẹ́nu jù. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti ní òun kò mọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ náà ń bẹ níbẹ̀. Orí ohunkóhun tí ọwọ́ Gbádérọ̀ bá bà ló máa ń kọ ìwọ̀n ẹja sí: ẹ̀yìn àpòòwé, páálí sìgá tí àwọn apẹja jù sílẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ nígbà kan. Moróunkẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gíga Kòkó lọ́wọ́, ó ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan fún un. "Ohun tí o kò bá kọ síbí, o kò ṣe é," ló wí. "Kọ ọjọ́ sí i, kọ ojú ọjọ́ sí i, kọ èyí tó bà jẹ́ pàápàá." Ó tún jókòó tì í tó fi kọ lẹ́tà sí onímọ̀ kan ní Gánà, pé kó jọ̀wọ́ sọ bó ṣe ń ka ìpẹ́ ẹja tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé, ojú ìwé mẹ́rin. Gbádérọ̀ gbé lẹ́tà náà káàkiri nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ títí etí ìwé náà fi fàya.

Òun náà mú Moróunkẹ́ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Ó fi í han Àyàndìran, apẹja tó máa ń fi ọkọ̀ gbé e, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró sínú ẹrẹ̀ láì da omi rú. Lójú omi, Gbádérọ̀ kì í tijú rárá. Ó ń bá àwọn apẹja ṣàwàdà, wọ́n ń pè é ní Dókítà Elépìyà. Ibẹ̀ ni Moróunkẹ́ ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó tún kan Gbádérọ̀ lọ́jọ́rú kan, ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀, ó gbójú sókè. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n bi í. Ó dáhùn mẹ́rin, ó ní òun kò mọ ìkarùn-ún. Dókítà Akínbíyìí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní iṣẹ́ yìí yẹ kó dé iwájú ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní oṣù Kejìlá ọdún 1964.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n rìn jáde lẹ́nu géètì lọ sí Àgbówó, níbi tí Gbádérọ̀ gba yàrá sí. Wọ́n ra àgbàdo sísun, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ.

"Lẹ́yìn ìpàdé oṣù Kejìlá," ni Gbádérọ̀ wí, "mo fẹ́ kí àwọn òbí mi wá rí bàbá rẹ."

Moróunkẹ́ gbé àgbàdo ẹnu rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ náà á sọ̀rọ̀ níwájú bàbá mi o. Kò sì sí àwòrán tí o máa tọ́ka sí lára ògiri."

"Màá wo àwọn àga," ni Gbádérọ̀ fèsì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí àgbàdo fi tutù.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n jókòó ti iṣẹ́ náà kí wọ́n lè kọ ọ́ tán. Ọdún tó kọjá ni Gbádérọ̀ wọn epìyà adágún náà, ó sì fẹ́ fi hàn pé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há jù ń kó àwọn tí kò tíì yé ẹyin rí. Moróunkẹ́ ya àwòrán náà sórí pépà onílà. Oṣù mọ́kànlá pé. Ní oṣù Kẹsàn-án, ojú pépà funfun báláú, nítorí ibà ti dá Gbádérọ̀ dùbúlẹ̀ ní gbogbo oṣù náà.

"Ihò wà nínú iṣẹ́ yìí," ni Moróunkẹ́ wí. "Ìgbà tí wọ́n ń yé ẹyin gan-an ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú ọ."

"Màá sọ fún wọn pé ara mi ò yá."

"O lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án míì ti ń bọ̀ yìí. Lọ wọ̀n ọ́n, kí ẹnu má baà ráyè."

Gbádérọ̀ ní òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án ló lọ. Àyàndìran sọ lẹ́yìn náà pé òun wo ojú ọ̀run lápá ìlà oòrùn, òun sì ní kí àwọn fi í di ọjọ́ kejì. Gbádérọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní wákàtí kan péré, ó ní àwòrán kan ń dúró de òun. Wọ́n ti dé àárín adágún, wọ́n ń fa àwọ̀n kejì, nígbà tí ìjì dé láìsí òjò. Ó dojú ọkọ̀ délẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni Gbádérọ̀, kò mọ omi í wẹ̀. Àyàndìran di apá rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àwọ̀n ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń fà á lọ sísàlẹ̀. Ìjì náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Àwọn apẹja wá a títí, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Moróunkẹ́ wà lórí bèbè. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, kò ké. Ó ń wo ọwọ́ Àyàndìran, tí okùn àwọ̀n ti bó yánnayànna, ó sì ń sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi oògùn sí i."

Ṣakí ni wọ́n sin Gbádérọ̀ sí, ìjọ Onítẹ̀bọmi kọrin lé e lórí. Moróunkẹ́ bá àwọn ará lábù lọ. Ọmọ kíláàsì òkú nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá sí lábù. Dókítà Akínbíyìí ló lọ bá a ní Bódìjà, ó jókòó pẹ̀lú bàbá rẹ̀ títí, kó tó bá a sọ̀rọ̀.

"Ìpàdé oṣù Kejìlá ṣì wà," ni Dókítà wí. "N kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ náà kú tẹ̀ lé e. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n tó láti sọ ọ́. Tí o kò bá lè ṣe é, màá ṣe é fúnra mi, mi ò sì ní bínú sí ọ."

"Màá ṣe é, sà," ni Moróunkẹ́ dáhùn. "Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ sí i."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Moróunkẹ́, tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ kì í bà, wo àwọn àga kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìpẹ́, lórí ẹyin, lórí ojú àwọ̀n. Bó ti parí, ọkùnrin kan níwájú nawọ́, ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ló dé tí oṣù Kẹsàn-án ṣófo, nígbà tí kò ṣòro láti wọ̀n ọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Gbogbo ilé ń dúró. Moróunkẹ́ wo àwòrán náà lára ògiri.

"Ó lọ wọ̀n ọ́n," ló wí. "Ibẹ̀ ló kú sí."

Ọkùnrin náà rọra jókòó. Alága kò pe ìbéèrè míì.

Ní oṣù Kìíní, ìyá Gbádérọ̀ wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń ṣe òrí tà ní Ṣakí. Moróunkẹ́ bá a nínú yàrá tó wà ní Àgbówó, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń bá a ká aṣọ. Màmá gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle náà, ó ṣí i, ó wo àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pẹ́.

"Wọ́n ní ẹja ni ọmọ mi ń kà," ni Màmá wí. "Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Moróunkẹ́ ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Màmá, tí ẹ bá lọ ṣa èso òrí, ṣé ẹ máa ń ká èyí tó ṣì wà lórí igi?"

"Rárá o. Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ la ń ṣà. Èyí tó wà lókè kò tíì gbó."

"Ohun tó fẹ́ sọ fún àwọn apẹja nìyẹn, mà. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí ẹja gbó, kí wọ́n lè fi èyí tí kò gbó sílẹ̀, kó bímọ ná. Kí ẹja má baà tán fún àwọn ọmọ wọn."

Màmá mi orí. "Ìyẹn yé mi," ló wí. "Ìyẹn dáa." Ó pa ìwé náà dé. "Ta ló wá ní kó lọ lọ́jọ́ ìjì?"

Moróunkẹ́ lè sọ pé iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni ìyẹn náà ì bá jẹ́. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ò mọ̀ pé ìjì ń bọ̀, mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ fún un pé ihò wà nínú iṣẹ́ náà. Èmi ni mo ní kó lọ."

Màmá kò ní kó dìde, kò sì ṣépè fún un. Ó di ẹrù náà fúnra rẹ̀, ó gbá ilẹ̀ yàrá náà títí dé ẹnu ọ̀nà. Moróunkẹ́ bá a gbé àpótí ìwé dé gárééjì. Nígbà tí Màmá ti jókòó sínú ọkọ̀ tán ló tó yọjú sí Moróunkẹ́ lójú fèrèsé.

"Ó kọ̀wé sí wa nípa rẹ," ló wí. "Ó ní ẹnì kan wà tó kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ sísọ, pé a máa wá rí àwọn òbí rẹ̀. Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n má tíì wá sí Ṣakí. Tí mo bá ti lè wo ojú rẹ, màá ránṣẹ́."

Ọkọ̀ gbéra.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tẹ iṣẹ́ Gbádérọ̀ jáde, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nìkan, pẹ̀lú oṣù mọ́kànlá. Moróunkẹ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Màmá, ó fi lẹ́tà sínú rẹ̀. Pásítọ̀ ìjọ ló fèsì. Ó ní òun ti ka lẹ́tà náà sí Màmá létí, ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́ sínú Bíbélì rẹ̀, kò sì ní kí òun kọ èsì kankan.

Moróunkẹ́ gba oyè tirẹ̀, ó sì di olùkọ́. Bí ọkọ̀ Ṣakí bá ti kọjá lẹ́bàá rẹ̀, ó máa ń dúró, bóyá Màmá ti fi iṣẹ́ rán ẹnì kan sí i. Iṣẹ́ náà kò dé.