Àwọ̀n Gavin

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1904 ni ọmọ mi, Gavin Slater, bá òkun lọ nítòsí Portknockie, èbúté wa. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. A kò rí òkú rẹ̀.

Ọkọ̀ ìpẹja onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Súlù ni tiwa. Bí ó bá fẹ́ yà sí ọ̀nà mìíràn, a óò sọ ìgbòkun iwájú kalẹ̀, a óò gbé igi rẹ̀ gba ẹ̀yìn òpó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a óò sì tún fà á sókè. Ẹni tó wà níwájú ló ń ké pé ó ti tán. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú kì í yí i kí ó tó gbọ́ igbe náà.

Nígbà tí ìgbà ẹja ṣàwá tún dé, Jeems, àbúrò ìyàwó mi, wá bá mi. Kálukú ló ń mú àwọ̀n tirẹ̀ wá sínú ọkọ̀ wa, a ó sì so wọ́n pọ̀. Ti Gavin ti di ti Elspet, ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, láìsí àwọ̀n Elspet, tiwa ò tó,” ni Jeems wí. “Àwọn ọkọ̀ tó ń jó èédú sì ń pe àwọn ọmọkùnrin inú ọkọ̀ wa síṣẹ́. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ni kí ẹ fi bẹ̀ ẹ́ o, kì í ṣe ojú tí ẹ fi ń wo òkun yìí.”

Mo lọ. Elspet ń tún àwọ̀n ṣe.

“Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ dúró lé mi lórí bí agbowó-orí.”

Mo jókòó. Ó bu tíì fún mi.

“Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ìbéèrè kan ni mo ní. Jeems ní ìjì ló gbé e. Ṣé ìjì ni?”

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó wà lójú òkun lọ́jọ́ Ajé.

“Kì í ṣe ìjì. Ọkọ̀ kan láti Findochty, èbúté ìtòsí wa, ń bá wa du ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ èbúté. Mo yí ìtọ́kọ̀ kí Gavin tó ké. Igi ìgbòkun ló gbá a.”

Ó dí ojú ihò àwọ̀n tó ń dí tán.

“Àwọ̀n mi ò ní bá yín lọ, Bàbá. Ẹ mu tíì yín tán kí ẹ tó máa lọ.”

Mo mu ún tán.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọkùnrin ti bá àwọn ọkọ̀ tó ń jó èédú lọ, Jeems náà lọ. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n fa ọkọ̀ náà gun etí òkun, wọ́n fi àáké tú u. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ nìyí:

òkúta tí a fi ń mú ìdí ọkọ̀ wúwo, bí ogójì;
ààrò irin kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán;
pákó ibùsùn méje;
àpò iyọ̀ kan, tó ti dì;
Bíbélì, tí omi ti bà jẹ́ dé ìwé Jóòbù;
ẹ̀wù òjò kan, tí a kọ G. S. sí ọrùn rẹ̀.