Abẹ́rẹ́ Tí Kò Sí Nílẹ̀

Pá ni abẹ́rẹ́ máa ń dún bó bá ṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á dákẹ́, gbogbo ilé á dákẹ́ tẹ̀lé e. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́yìn odi, irun orí mi ti funfun tán, síbẹ̀ ìró yẹn ò kúrò létí mi.

Bí abẹ́rẹ́ bá ti ṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi á kúnlẹ̀, á fi irin tó ń fa irin wọ́ ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá rí ẹnu abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀, á ní ó lè wà nínú aṣọ, aṣọ náà ò ní jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Màá ní, "Oníbàárà ti ń bínú níta o." Á ní, "Kó máa bínú. Ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni mò ń rò."

Láìpẹ́ yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí. Ìyá rẹ̀ tún ń rí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́. Dókítà yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dé ọrùn ilé ọmọ, ohun tó rí níbẹ̀ ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ gé ẹran bíńtín níbẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Kó tó dìgbà náà, ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀ fún àyẹ̀wò tuntun kan. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ a máa já bíńtín-bíńtín, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á máa rìn kiri. Bí wọ́n bá rí i, á tètè là wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan ni ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe adájọ́.

Wọn ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá gbé báàgì rẹ̀, ó relé, kò sì padà lọ mọ́.

Mo pè é.

"Arìnrìn-àjò," ó ní, "wọ́n ti rojọ́ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Àbí kí n lọ bá wọn fi í síbẹ̀?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọdékùnrin ni dókítà yẹn. Àjà ni mò ń wò títí ó fi ṣe tán. Mi ò fẹ́ gun bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́, àbúrò mi."

A dágbére fúnra wa. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù lórí itan mi. Ìgbà náà ni mo tún gbọ́ ọ: pá. Mo rántí bó ṣe máa ń rí lórí ìkúnlẹ̀, tí irin ò bá gbé nǹkan kan wá. Mi ò rí i rí kó yọ̀ nítorí pé kò rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Àyà rẹ̀ á túbọ̀ já ni.

Mo pe ọmọ rẹ̀, mo bèèrè ohun kan. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì wọ́. Ó ku inú aṣọ. Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà ni, òun ló máa ṣe é. Bí ẹ bá ń wo àjà, èmi á wà lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ padà lọ. Ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni mò ń rò."