Ìwọ̀n Omi tí Mo Kà fún Un

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, ọmọ mi obìnrin kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní èbúté, omi sì gbé e lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni.

Ayàwòrán ilé ni. Ọdún mẹ́ta ló fi ya àwòrán ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìlú fẹ́ kọ́ sí etí omi. Ó fẹ́ kí omi máa dé ẹsẹ̀ ilé náà nígbà òjò, kó má sì wọlé láé. Èmi ló bi léèrè ibi tí omi ń ga dé, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka pákó ìwọ̀n omi, èyí tó ń fi bí omi ṣe ga hàn, ní èbúté yẹn. Mo ṣí ìwé mi àtijọ́, mo kà á fún un: mítà mẹ́ta àtààbọ̀.

“Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?”

“Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi kọ́ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, ọ̀gá omi. Ẹja pàápàá ń bẹ̀rù yín.”

Kò béèrè mọ́, ó fi nọ́ńbà náà ya ilẹ̀ ilé.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí. Nígbà tí wọ́n tún èbúté ṣe, wọ́n sọ pákó náà kalẹ̀ ní mítà kan. Láti ọjọ́ náà, omi kan náà ń fi mítà kan pọ̀ sí i lórí pákó, gbogbo nọ́ńbà inú ìwé àtijọ́ ló sì yẹ ká fi ọ̀kan kún. Èmi gan-an ni mo di okùn mú nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹnjiníà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà rí àmì omi lára ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté, ó ga ju ilẹ̀ ilé inú àwòrán lọ. Ó sọ fún ọmọ mi. Ọmọ mi kò padà wá bi mí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dá lọ wọn omi náà fúnra rẹ̀ ní èbúté, lórí òkúta tí òjò ti rin, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá sílé.

“Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ìgbìmọ̀ tó gbé iṣẹ́ náà fún un ń sọ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa àṣìṣe inú àwòrán.”

“Èmi ni mo ṣi nọ́ńbà náà kà fún un. Kọ ọ́ sílẹ̀, màá fọwọ́ sí i.”

“Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀…”

“Kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ dá ọmọ mi láre, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ògiri gíga ni ayàwòrán tuntun yìí fi dojú kọ omi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé, “Ẹ̀rù yín ló bà á tí kò fi tún béèrè.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà.

Mo lọ kó ẹrù rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ohun tó kù nìyí: rúlà onígun mẹ́ta kan. Pẹ́ńsùlù méjìdínlógún, ó ti gbẹ́ ẹnu gbogbo wọn. Àwòrán ilé mọ́kànlélógójì. Àwòkọ kékeré ilé náà tó fi páálí gé, èèyàn kékeré méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ife tí tíì gbẹ mọ́ nídìí. Súẹ́tà kan lẹ́yìn àga. Kọ́kọ́rọ́ ilé wa.